Níbi tí atẹ́gùn ti ń já kúrò lára òrùlé, ibẹ̀ gan-an ni ìṣirò kọ̀ǹpútà ti ń yẹ̀

Ọdọọdún ni, tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti ń kù bọ̀, ẹ ó gbọ́ pé ìjì ti ká páànù ilé ìwé kan lọ ní Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí lápá Ọ̀yọ́ lọ́hùn-ún, páànù á fò kọjá lórí wáyà iná, á lọ balẹ̀ sínú oko ẹ̀gẹ́ olóko. Lẹ́yìn náà làwọn èèyàn á wá máa bi àwa tá a ka iṣẹ́ ẹnjinníà pé, ẹ̀yin náà kí ló dé tẹ́ ò fi kọ̀ǹpútà ṣírò ẹ̀ sílẹ̀, ṣebí kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ń ṣírò bí ọkọ̀ òfúrufú ṣe máa fò. Ìbéèrè gidi ni o. Ohun tí mo máa ń sọ fún wọn ni pé kọ̀ǹpútà lè ṣírò ẹ̀, ó sì ti ń ṣírò ẹ̀ tipẹ́, àmọ́ ibì kan wà tó jẹ́ pé tó bá ti débẹ̀, ọ̀nà àbùjá tá a fi kọ́ ọ ló máa ń ṣì í lọ́nà, ó sì wá lọ jẹ́ pé ibẹ̀ náà ni ohun tá a fẹ́ mọ̀ wà.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí nǹkan tí ojú ò rí. Tí atẹ́gùn bá ń fẹ́ kọjá lórí páànù, afẹ́fẹ́ tó fara kan páànù gan-an kì í rìn. Mo mọ̀ pé kò jọ bẹ́ẹ̀ lójú. Kódà kí ìjì máa sá 100 kìlómítà láàárín wákàtí kan, èyí tó lẹ̀ mọ́ páànù dúró sójú kan ni, èyí tó wà lórí ẹ̀ ń rìn díẹ̀, èyí tó tún ga ju ìyẹn lọ ń yára díẹ̀ sí i, títí tó fi dé ibi tí atẹ́gùn ti ń sáré bó ṣe wù ú. Ẹ pa fáànù yín nílé kẹ́ ẹ wo ewé ẹ̀, gbogbo bó ṣe ń yí látàárọ̀ dalẹ́ yẹn, eruku wà lára ẹ̀, kò ré dànù. Ìpele tín-ínrín yìí, láti orí èyí tó dúró títí dé èyí tó ń sáré, òun ni wọ́n ń pè ní boundary layer. Ará Jámánì kan, Ludwig Prandtl, ló là á yé ayé lọ́dún 1904 níbi ìpàdé àwọn onímọ̀ ìṣirò ní ìlú Heidelberg, ìwé tó sì kọ lórí ẹ̀ ò ju ojú ewé 8 lọ. Kó tó dé, ìṣirò àwọn àgbà ń sọ pé bọ́ọ̀lù tó ń rìn nínú afẹ́fẹ́ ò ní rí ìdíwọ́ kankan rárá, ẹni tó bá sì ti gun ọkadà rí mọ̀ pé irọ́ nìyẹn.

Ibo ni wàhálà wá ti bẹ̀rẹ̀? Ẹ jẹ́ ká mú táǹkì omi orí ilé, èyí tó rí roboto. Bí atẹ́gùn ṣe ń yí gba apá iwájú ẹ̀, ńṣe ló ń yára sí i, prẹ́ṣọ̀ ẹ̀ ń lọ sílẹ̀, gbogbo nǹkan ń lọ geere. Tó bá ti kọjá ìdajì, á bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀, prẹ́ṣọ̀ á wá máa ga sí i níwájú ẹ̀, ìyẹn ni pé atẹ́gùn ń lọ síbi tí nǹkan ti ń tì í padà. Afẹ́fẹ́ tó jìnnà sí ara táǹkì ṣì ní agbára, á rọ́nà kọjá. Àmọ́ èyí tó sún mọ́ ara, tí ara táǹkì ti fa ipá ẹ̀ tán, ńṣe ló dà bí ẹni tó fẹ́ fi kẹ̀kẹ́ gun òkè láìjẹun láàárọ̀, kò ní dé orí òkè tí kẹ̀kẹ́ á fi dúró, tó bá sì ti dúró, ẹ̀yìn ló ń yí lọ. Ojú ibi tó ti dúró yẹn ni atẹ́gùn ti já kúrò lára. Láti ibẹ̀ lọ, afẹ́fẹ́ tó wà nítòsí ara á máa ṣàn padà síbi tó ti ń bọ̀, á máa yí bíríbírí, ìṣàn ńlá á gba òkè ẹ̀ kọjá lọ.

Ẹ ò nílò irinṣẹ́ kankan láti rí i. Ẹ dúró lórí afárá Odò Ọbà lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà tí omi bá kún, kẹ́ ẹ wo ẹ̀yìn òpó afárá lápá ibi tí omi ń lọ, ẹ ó rí ìfófòó àti ewé gbígbẹ tó ń padà wá bá òpó nígbà tí gbogbo omi yòókù ń lọ sísàlẹ̀. Àbí kẹ́ ẹ wo mọ́tò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọ̀nà eruku dé nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, gíláàsì iwájú ṣì ṣeé wò, gíláàsì ẹ̀yìn ti pọ́n kuku débi pé àwọn ọmọdé ti ń fìka kọ orúkọ sí i. Kì í ṣe pé eruku fẹ́ràn ẹ̀yìn mọ́tò o. Afẹ́fẹ́ tó já kúrò létí òrùlé mọ́tò ló ń yí padà, tó ń gbé eruku tí táyà tú sókè wá lẹ̀ mọ́ ọn.

Lórí ilé, etí páànù tó yọ kọjá ògiri ni atẹ́gùn ti sábà máa ń já, àti ní igun, àti lórí ténté òrùlé. Lábẹ́ ibi tó ti já yẹn, prẹ́ṣọ̀ á lọ sílẹ̀ gan-an, òun ló ń fa páànù sókè. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ńṣe ni ìjì ń ti òrùlé ṣubú, rárá o, fífà ló ń fà á, tí fèrèsé tó kọjú sí ìjì bá tún wá ṣí sílẹ̀, afẹ́fẹ́ inú ilé á tún máa tì í látìsàlẹ̀. Káfíńtà tó mọṣẹ́ ò ka Prandtl, àmọ́ ẹ wo ibi tó ń kan ìṣó sí jù.

Nǹkan kan wá wà níbí tó máa ń ya èèyàn lẹ́nu. Nǹkan bí ọdún 1912, Gustave Eiffel, òun náà ni wọ́n ń fi orúkọ ẹ̀ pe ilé gogoro tó wà ní Paris yẹn, wọn bí atẹ́gùn ṣe ń dí bọ́ọ̀lù lọ́wọ́, iye tó rí kò tó ìdajì èyí tí àwọn ará Göttingen ní Jámánì rí. Àwọn kan rò pé ó ṣìṣe ni. Kò ṣìṣe. Atẹ́gùn tiẹ̀ yára ju tiwọn lọ ni, ìyẹn ti sọ boundary layer ara bọ́ọ̀lù di èyí tó ń dàrú, tó ń ru gùdù. Lọ́dún 1914 Prandtl mú wáyà tín-ínrín, ó wé e mọ́ iwájú bọ́ọ̀lù láti fi da afẹ́fẹ́ ibẹ̀ rú tipátipá, ìdíwọ́ náà sì já wálẹ̀. Ìdí ni pé afẹ́fẹ́ tó ń dàrú máa ń gbé agbára látòkè wá fún èyí tó ti rẹ̀ nísàlẹ̀, ìyẹn ló fi ń lè rin jìnnà sí i kó tó já. Lára bọ́ọ̀lù, tá a bá kà á láti iwájú ẹ̀ gan-an, èyí tí ò dàrú máa ń já ní nǹkan bí 80 dígíríì, èyí tó dàrú máa ń dé nǹkan bí 120. Torí ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń dá kòtò kéékèèké sára bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ohun tó ń sọ ni pé tẹ́ ẹ bá ṣi ìdàrú inú ìpele tín-ínrín yẹn mú, bó ti wù kó kéré mọ, ẹ máa ṣi ibi tí atẹ́gùn ti ń já mú, tẹ́ ẹ bá sì ṣi ìyẹn mú, gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣebí fọ́múlà ẹ̀ wà, kí lẹ tún ń wá?" Àbúrò kan tó wà ní 300 level ló bi mí bẹ́ẹ̀. Ó wà lóòótọ́, fọ́múlà tó ń sọ bí omi àti afẹ́fẹ́ ṣe ń ṣàn. Navier ti ilẹ̀ Faransé gbé e jáde lọ́dún 1822, Stokes tó wà ní Cambridge tún un tò dáadáa lọ́dún 1845. Àmọ́ kò sẹ́ni tó lè jókòó fi bírò yanjú ẹ̀ fún ìṣàn tó ti dàrú. Kódà bóyá ìdáhùn ẹ̀ máa ń lọ geere nígbà gbogbo, kò tíì sẹ́ni tó fi ẹ̀rí ẹ̀ hàn, mílíọ̀nù kan dọ́là tí Clay Mathematics Institute ní Amẹ́ríkà gbé kalẹ̀ fún un lọ́dún 2000 ṣì wà níbẹ̀.

Tọ́búlẹ́ǹsì, ìyẹn ìdàrú inú ìṣàn yìí, ló fa gbogbo ẹ̀. Ní Manchester lọ́dún 1883, Osborne Reynolds jẹ́ kí aró máa sun sínú omi tó ń ṣàn nínú páìpù gíláàsì, nígbà tí omi ń rọra lọ, aró lọ ní ìlà kan gbọọrọ, nígbà tí omi yára kọjá ìwọ̀n kan, aró fọ́nká, ó kún inú páìpù. Nínú irú ìdàrú yẹn, ìyí ńlá ń pín sí kékeré, kékeré ń pín sí èyí tó tún kéré sí i, títí dé ibi tí kíki omi tàbí ti afẹ́fẹ́ fúnra ẹ̀ á fi pa á. Kọ̀ǹpútà ò lè rí gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ńṣe la máa ń ta àwọ̀n sínú àyè náà, kó wá ṣírò ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójú àwọ̀n kọ̀ọ̀kan. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mú ìyí tó kéré jù, ojú àwọ̀n gbọ́dọ̀ kéré tó o, iye ojú àwọ̀n á wá di ohun tí ẹ̀rọ ò lè gbé. Philippe Spalart, ọ̀gá lẹ́nu iṣẹ́ yìí, ṣírò ẹ̀ lọ́dún 2000 pé ká tó lè ṣe odindi ọkọ̀ òfúrufú bẹ́ẹ̀ láìfi àbùjá kankan sí i, ó máa di nǹkan bí ọdún 2080.

Kí la wá ń ṣe títí di ìgbà yẹn? Àròpín la ń lò. Reynolds yìí náà ló mú ìmọ̀ràn ẹ̀ wá lọ́dún 1895, pé ká pín eré atẹ́gùn sí méjì, èyí tó jẹ́ àròpín àti èyí tó ń gbọ̀n sókè sódò, ká wá máa ṣírò àròpín nìkan. Ó dáa bẹ́ẹ̀, àmọ́ bẹ́ ẹ bá ṣe é tán, nǹkan tuntun kan á yọjú nínú fọ́múlà, ìyẹn ipa tí gbígbọ̀n náà ń ní lórí àròpín, kò sì sí fọ́múlà tó sọ iye ẹ̀. Ẹ ní láti méfò ẹ̀. Boussinesq ti méfò tiẹ̀ sílẹ̀ láti 1877, ó ní ká kàn kà á sí pé ìdàrú ń sọ afẹ́fẹ́ di èyí tó ki ju bó ṣe yẹ lọ. Gbogbo ohun tí wọ́n ń pè ní módẹ́lì tọ́búlẹ́ǹsì nínú ọ̀pọ̀ sọ́fíwíà tẹ́ ẹ̀ ń lò, ọ̀nà láti mọ bí kíki àfọwọ́dá yẹn ṣe tó níbì kọ̀ọ̀kan ni. Èmi ò bú u o, ìméfò ọlọ́gbọ́n ni, òun ló gbé wa dé ibi tá a dé.

Nígbà tẹ́ ẹ bá wá sún mọ́ ara nǹkan, ẹ jẹ́ ká fi mọ́tò kan wò ó, ká ní ó gùn ní mítà 4, ó ń sá 100 kìlómítà láàárín wákàtí kan, ká sì ṣe bíi pé pẹrẹsẹ ni òrùlé ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fi fọ́múlà tó wà nínú ìwé ṣírò ẹ̀, gbogbo boundary layer ẹ̀ lápá ẹ̀yìn á nípọn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 6. Àmọ́ ìsàlẹ̀ ẹ̀ pátápátá, níbi tí kíki afẹ́fẹ́ ti borí ìdàrú, kò ju nǹkan bí 0.08 mìlímítà lọ, ìyẹn irun orí kan ṣoṣo. Nínú irun kan yẹn ni eré afẹ́fẹ́ ti máa ń yí padà jù! Kí ojú àwọ̀n yín tó lè rí inú ẹ̀ dáadáa, èyí àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ tín-ínrín tó 0.015 mìlímítà, ẹ sì máa tẹ́ irú ẹ̀ yí gbogbo ara mọ́tò ká, títí kan dígí ẹ̀gbẹ́ àti abẹ́ ẹ̀. Láptọ́ọ̀pù tí wọ́n fi ń ṣe project ò lè gbé e, ìyẹn tí iná bá tiẹ̀ wà.

Ibí ni ọ̀nà àbùjá ti wọlé. Theodore von Kármán fi hàn lọ́dún 1930 pé tẹ́ ẹ bá ti gòkè díẹ̀ kúrò ní ìpele irun yẹn, eré afẹ́fẹ́ máa ń tẹ̀ lé òfin kan náà, ìbáà ṣe nínú páìpù, ìbáà ṣe lórí pákó pẹrẹsẹ, ó ń pọ̀ sí i bí logarithm ṣe ń pọ̀ sí i. Ohun kan ṣoṣo tẹ́ ẹ nílò láti fi wọn gbogbo ẹ̀ ni bí afẹ́fẹ́ ṣe ń fa ara nǹkan náà tó. Wọ́n ń fi fífà yẹn ṣe ọ̀pá ìwọ̀n, òun ni wọ́n fi ń gbé nọ́ńbà tí wọ́n ń pè ní y+ jáde, tó ń sọ bẹ́ ẹ ṣe jìnnà sí ara tó: ìsàlẹ̀ 5 ni ìpele irun, láti nǹkan bí 30 lọ sókè ni òfin von Kármán ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn tó ń kọ sọ́fíwíà wá ní, ó tán, kí la tún ń fi àwọ̀n tín-ínrín dààmú ara wa fún, ẹ jẹ́ kí ojú àwọ̀n àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ láti y+ 30, ohun tó bá wà nísàlẹ̀ ẹ̀, òfin á dáhùn fún un. Wall function nìyẹn. Owó tó ń gbà sílẹ̀ ò kéré, nínú páìpù àti lára nǹkan tí atẹ́gùn ò já kúrò lára ẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, mi ò sì rí ohun tó burú níbẹ̀.

Ẹ wá padà sí ojú ibi tí atẹ́gùn ti já. Kí la sọ pé ó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀? Afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ dúró, kò lọ síwájú, kò tíì padà sẹ́yìn. Tó bá dúró, kò fa ara nǹkan mọ́. Fífà di òdo. Ọ̀pá ìwọ̀n tí gbogbo òfin yẹn dúró lé, òun gan-an ló ti di òdo yẹn, òfin sì ní kẹ́ ẹ fi pín eré! Y+ ò ní ìtumọ̀ mọ́ níbẹ̀. Launder àti Spalding nílùú Lọ́ńdọ̀nù dá ọgbọ́n kan sí i lọ́dún 1974, wọ́n ní ká lo agbára tó wà nínú gbígbọ̀n afẹ́fẹ́ dípò fífà, kí kọ̀ǹpútà má bàa fi òdo pín nǹkan. Ìyẹn ò jẹ́ kí ìṣirò kú sójú ọ̀nà, ó máa parí, àwòrán aláràbarà á jáde. Àmọ́ òfin tó ń lò, ibi tí atẹ́gùn ò ti já ni wọ́n ti rí i, kò sí ohun tó sọ pé ó gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń ṣàn padà, àwọn tó wọ̀n ọ́n lóòótọ́ sì rí i pé kì í ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Módẹ́lì tẹ́ ẹ mú náà tún ní ìwà tiẹ̀. K-epsilon, èyí tó gbajúmọ̀ jù nínú àwọn project tí mo ti rí, máa ń ka ìdàrú ìtòsí ara sí ju bó ṣe yẹ lọ tí prẹ́ṣọ̀ bá ń ga níwájú, afẹ́fẹ́ orí kọ̀ǹpútà á wá ní agbára tí ti gidi ò ní, á lẹ̀ mọ́ ara títí kọjá ibi tó yẹ kó ti já, nígbà míì kò tiẹ̀ ní já rárá. Florian Menter wá gbé módẹ́lì tí wọ́n ń pè ní SST jáde lọ́dún 1994, ó lo módẹ́lì míì tó ń jẹ́ k-omega nítòsí ara, k-epsilon níbi tó jìnnà, ó sì fi ààlà sí bí ìdàrú ṣe lè fà tó. Ìyẹn máa ń mọ ibi tí atẹ́gùn ti ń já dáadáa ju ti àkọ́kọ́ lọ, mo fara mọ́ ọn. Àmọ́ tó bá ti já tán, ó máa ń pẹ́ kó tó jẹ́ kó padà wá lẹ̀, afẹ́fẹ́ tó ń yí lẹ́yìn nǹkan á gùn ju bó ṣe rí lọ. Ọ̀kan ò fẹ́ já, èkejì já kò fẹ́ padà. Ìròyìn tí NASA gbé jáde lọ́dún 2014 nípa ibi tí irú ìṣirò yìí yẹ kó dé tó bá fi máa di 2030, ìṣàn tó já kúrò lára yìí náà ni wọ́n tọ́ka sí pé kọ̀ǹpútà ò tíì lè sọ bó ṣe máa rí pẹ̀lú ìdánilójú.

Kì í ṣe gbogbo ibi ló le bákan náà ṣá. Etí páànù mú, tí atẹ́gùn bá débẹ̀, ibẹ̀ ló máa já, kò sí àríyànjiyàn, módẹ́lì wo lẹ lò kò yí i padà. Ara táǹkì roboto ni ibi tó ti ń já lè sún síwá sẹ́yìn. Ti òrùlé ní ìṣòro tiẹ̀ lọ́tọ̀: àròpín kì í ṣí páànù. Ìjì máa ń fà á, á tú u sílẹ̀, á tún fà á, èyí tó le jù láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ló ń fa ìṣó yọ, àròpín á sì ti pò ó mọ́ èyí tó rọ̀. Ẹni tó bá fi k-epsilon ṣírò òrùlé ilé ìwé tó wá sọ pé fífà tó jáde níbẹ̀ ni ìṣó máa gbà, ẹ bá mi bi í pé fífà ìgbà wo. Spalart àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ mú ọ̀nà kan wá lọ́dún 1997 tí wọ́n ń pè ní DES: ẹ lo àròpín nítòsí ara, àmọ́ ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa tẹ̀ lé àwọn ìyí ńlá fúnra wọn níbi tí atẹ́gùn ti já. Ó wọ́n jù ti àtijọ́ lọ, ó kéré sí ti 2080 yẹn, fún òrùlé àti ẹ̀yìn mọ́tò, irú ẹ̀ ló wù mí kí wọ́n máa lò. Síbẹ̀, àwọn tó ń kọ́ ilé gogoro àti afárá ńlá ṣì ń kọ́ irú ẹ̀ kékeré, wọ́n á gbé e wọnú ihò atẹ́gùn (wind tunnel), níbi tí wọ́n ti ń fẹ́ atẹ́gùn sí i, lọ wọ̀n.

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ̀ ń ṣe project ní LAUTECH, tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ ìwà módẹ́lì tó wà lọ́wọ́ yín kẹ́ ẹ tó gbé òrùlé tàbí mọ́tò lé e, ẹ kọ́kọ́ fún un ní àtẹ̀gùn kan ṣoṣo, ilẹ̀ pẹrẹsẹ tó já sílẹ̀ lójijì. OpenFOAM, sọ́fíwíà tó ń ṣe irú ìṣirò yìí, ọ̀fẹ́ ni, láptọ́ọ̀pù sì lè gbé e. Driver àti Seegmiller ní Amẹ́ríkà ti wọn irú ẹ̀ gidi, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 1985: lẹ́yìn àtẹ̀gùn, atẹ́gùn rin nǹkan bí 6.3 ìlọ́po gíga àtẹ̀gùn náà kó tó padà wá lẹ̀ mọ́lẹ̀. K-epsilon pẹ̀lú wall function máa ń sọ fún yín pé nǹkan bí 5 ni. Ẹ rí i pé àtẹ̀gùn yín rí bíi tiwọn, ẹ ṣe é, ẹ wo iye tí tiyín mú jáde, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sójú ewé tó ṣáájú àwọn àwòrán aláràbarà, kẹ́ ẹ kọ y+ yín sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, kí supervisor yín lè mọ ibi tó yẹ kó ti máa bi yín ní ìbéèrè.